Ohùn Tí Kì Í Bẹ̀bẹ̀ fún Ẹkún

Wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí Poland lọ́dún 1922. Bàbá rẹ̀ ń gé igi nínú igbó. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òjé, orí rẹ̀ sì ti dàrú. Bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà ni àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Tourette yọjú sí i lára: ìka rẹ̀ á kàn ṣàdédé gbéra, á lọ kan imú ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè dá a dúró. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé kò fún un nísinmi. Ìyá mú ọmọ kúrò níbẹ̀, ó ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀ nílé, ohun tó sì ń kọ́ ọ kò ju àwọn òótọ́ kéékèèké nípa ayé lọ, èyí tí ọmọ ń kọ sínú ìwé kan tó so kọ́ ọrùn. Ìgbà tó yá, ilé wọn jóná. Iná kò pa àwọn òbí rẹ̀. Òtútù ìta ló pa wọ́n.

Fíìmù náà kò tíì rìn jìnnà rárá tí gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ tán. Àwa tá a jókòó sí pálọ̀ ti rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì wá pé a rẹ́rìn-ín. Ọkọ Àǹtí mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ dákun, ṣé irú eléyìí ló yẹ ká máa rín? Òbí ọmọ mà kú." Àǹtí mi ti fi ìdí ìborùn bo ẹnu, èjìká wọn ṣì ń mì. "Dádì, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ," ni wọ́n fi dá wọn lóhùn.

Harvie Krumpet ni orúkọ fíìmù náà. Adam Elliot ló fi amọ̀ ṣe é nílùú Melbourne, ní Ọsirélíà. Ọdún 2003 ló jáde, kò sì gùn tó ìṣẹ́jú 25. Nígbà tó di February 2004, ó gba Oscar gẹ́gẹ́ bíi fíìmù kátúùnù kúkúrú tó dára jù lọ. Fíìmù Pixar wà nínú ìdíje náà, ti Disney wà níbẹ̀ pẹ̀lú, síbẹ̀ ọkùnrin alámọ̀ yìí ló gbé ife lọ. Mo ti dá a wò nílé ara mi tẹ́lẹ̀, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo lọ kí Àǹtí mi ní Melbourne, tí a jọ wò ó pẹ̀lú ọkọ wọn àti ọmọ wọn ọkùnrin, ni mo tó rí i pé fíìmù tó yẹ kéèyàn bá ẹlòmíì jọ wò ni. Àfi kéèyàn gbọ́ bí ẹ̀rín ẹlòmíì ṣe ń kú sí i lọ́nà ọ̀fun kó tó lè mọ ohun tí Elliot ń ṣe fún wa.

Ohùn ló fi ń ṣe é. Ẹnu àwọn èèyàn inú fíìmù náà kì í fi bẹ́ẹ̀ là. Ẹnì kan tá ò rí rárá ló ń sọ ìtàn wọn fún wa: Geoffrey Rush, òṣèré ọmọ Ọsirélíà tó gba Oscar tirẹ̀ nínú fíìmù Shine. Ẹni tó bá ti rí i nínú eré mìíràn mọ̀ pé ó lè fi ohùn ṣe bó bá ṣe wù ú. Níbí, kò dán èyíkéyìí wò nínú àrà náà. Bí akọ̀wé ìjọ ṣe máa ń ka ìkéde láàárọ̀ Sunday ló ṣe ń sọ̀rọ̀: ìgbéyàwó ọmọ lágbájá, ìsìnkú bàbá tàmẹ̀dò, kọ́kọ́rọ́ tó já bọ́ lẹ́yìn ilé ìjọsìn, ohùn kan náà ni gbogbo rẹ̀, kò ròkè, kò rodò. Ó sọ pé ìyá kú, ó mí, ó bọ́ sórí gbólóhùn tó kàn. Kò dúró wò wá bóyá omi ti lé sójú wa. Kò pẹ̀tù sí wa nínú. Àìdúró yẹn ló ń pa wá lẹ́rìn-ín, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ìbànújẹ́ ráyè wọlé kí a tó rántí ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rín ìyà kò ṣàjèjì sí àwa tí wọ́n fi àlọ́ Ìjàpá tọ́ dàgbà. Ìjàpá já láti òkè, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́, ọmọdé rẹ́rìn-ín, àgbà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìjàpá ló forí ara rẹ̀ wá ìyà. Ó ti jalè, ó ti dalẹ̀ ọ̀rẹ́, ó ti jẹ oúnjẹ tó yẹ kó kárí gbogbo èèyàn, ẹ̀rín wa sì jẹ́ ìdájọ́ tí a ń dá fún un. Harvie, ọmọ inú fíìmù náà, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kò jalè, kò purọ́, kò tilẹ̀ ní ojúkòkòrò. Nítorí náà, ẹ̀rín tí a rín ní pálọ̀ yẹn kò lè jẹ́ ẹ̀rín ìdájọ́. Mo ronú sí i títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí mo gbà báyìí ni pé kì í ṣe Harvie là ń rín. Bí ibi ṣe ń tẹ̀ lé ibi láìjẹ́ kéèyàn fẹ̀yìn tì là ń rín, àti bí ẹni tó ń ròyìn rẹ̀ ṣe kọ̀ láti ké ìbòsí. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, a kúkú ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ohun tó kù ni kí ẹni tí yóò gbé ẹ̀rín náà kalẹ̀ mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Mo ní kí ọmọ wọn dá fíìmù náà dúró níbi tí ojú Harvie ti kún gbogbo tẹlifíṣàn. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹyin ojú rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó funfun báláú, ẹyọ dúdú kékeré kan ló wà láàárín rẹ̀. Ìpéǹpéjú jẹ́ amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọ́n á tún ṣí i kúrò, kó lè dà bíi pé ó ṣẹ́jú. Ara rẹ̀ kò dán, kò tẹ́jú. Èèyàn lè rí ibi tí ọwọ́ ti tẹ amọ̀ náà. Ọwọ́ Elliot máa ń gbọ̀n, àbímọ́ ni, ó sì ti pinnu láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun kò ní fi pamọ́. Ìlà tó wọ́, ojú fèrèsé tí kò dọ́gba, àga tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ayé tí Harvie ń gbé, kò sí ohun kan tó gún régé, ilé kan kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èèyàn ṣẹ̀sín pé ó wọ́.

Harvie kì í ṣe nǹkan púpọ̀ lójú wa. Yóò dúró, yóò kọjú sí wa, yóò ṣẹ́jú. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú fíìmù yìí yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ẹni tó ń fi amọ̀ ṣeré á sún apá ọmọlangidi díẹ̀, á ya á, á tún sún un díẹ̀, á tún ya á. Ó lè fi odindi ọjọ́ ṣiṣẹ́ kí ohun tó máa rí gbà má ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Bó bá wá ní kí ẹnu ọmọlangidi máa bá ọ̀rọ̀ lọ, pé kí ètè pàdé níbi tí "m" bá wà, kó sì là níbi tí "a" bá wà, iṣẹ́ náà di ìlọ́po. Asọ̀tàn tí a kò rí gba wọn lọ́wọ́ ìnira yẹn. Ẹnu ọmọlangidi lè pa dé, ìtàn á sì máa lọ. Torí náà, àìní wà lára ohun tó bí ohùn yìí. Mo sọ ọ́ nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe kátúùnù lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní Èkó àti Ìbàdàn ń ráhùn lórí ẹnu tí kò bá ọ̀rọ̀ mu. Kí wọ́n wo Harvie. Ẹnu rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ kankan mu, Oscar sì wà nílẹ̀.

Ogun dé Poland. Harvie sá lọ sí Ọsirélíà lọ́dún 1942, ó gé orúkọ rẹ̀ kúrú kó lè rọrùn lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, ó sì dó sí Spotswood.

Spotswood kì í ṣe ìlú inú àlá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Flinders Street láàárín Melbourne, a kọjá Footscray, a kọjá Seddon àti Yarraville, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Mo gba Hudsons Road lọ síhà odò. Ilé ìpọnmi àtijọ́ kan wà lápá ibẹ̀, bíríkì ni, ó lẹ́wà ju iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ fún lọ: lọ́dún 1897 ni ẹ̀rọ olóoru inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìgbẹ́ gbogbo Melbourne gba ibẹ̀ kọjá, kó tó ṣíwọ́ iṣẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sáyẹ́ǹsì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nísinsìnyí, àwọn ọmọ iléèwé ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè ni mo rí afárá West Gate tó nà gba orí odò Yarra kọjá. Ní October 15, ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, apá kan rẹ̀ já lulẹ̀ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn yìí, ó sì pa òṣìṣẹ́ 35. Lápá ibí yìí ni àwọn tó ti ilẹ̀ Yúróòpù sá wá lẹ́yìn ogun ti rí iṣẹ́ ṣe, nínú ilé iṣẹ́ àti ní èbúté, iṣẹ́ tí kò nílò pé kéèyàn gbọ́ èdè dáadáa. Elliot kò fi Harvie síbẹ̀ lásán. Ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí ìlú dà sí ni ó ní kó ti ríṣẹ́. Nígbà tí mo rìn ín tán ni mo tó rí i pé àwàdà fíìmù náà ní àdírẹ́sì. Ẹni tó bá ti gbé ládùúgbò tí afárá ti wó pa òṣìṣẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé ohùn sókè kó tó mọ̀ pé nǹkan burú.

Ìyà Harvie kò sì tíì tán. Mànàmáná kọlù ú. Jẹjẹrẹ gba ọ̀kan nínú kórópọ̀n rẹ̀. Rush ka àwọn yìí sílẹ̀ bí ó ṣe ń ka orúkọ oúnjẹ tí Harvie fẹ́ràn. Lẹ́yìn náà, ère Horace, akéwì ará Róòmù ayé ọjọ́un, la ẹnu, ó sọ fún un pé kó gbá ọjọ́ òní mú kó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó sì jọ mí lójú ni pé Harvie gbọ́ràn. Ó bọ́ aṣọ kúrò lára, ó ní ìhòhò ni òun yóò máa rìn. Ó tú àwọn adìyẹ tí wọ́n há mọ́ inú àgò sílẹ̀. Ó fẹ́ Val, nọ́ọ̀sì kan tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú fíìmù yìí ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á ti fi ohùn tútù ròyìn ìyà, nígbà tí ayọ̀ bá dé wọ́n á yí ohùn padà, orin á gòkè, asọ̀tàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Rush kò yí tirẹ̀. Ó ròyìn ìfẹ́ Val gẹ́lẹ́ bó ṣe ròyìn mànàmáná. Nítorí rẹ̀ la ṣe gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bù mọ́ ìbànújẹ́ kò ní bù mọ́ ayọ̀.

Harvie àti Val gba ọmọbìnrin kan tọ́, Ruby. Kò ní apá bí ọmọ yòókù ṣe ní, nítorí oògùn tí wọ́n ń pè ní thalidomide tí wọ́n fún aboyún lò. Ọmọ Àǹtí mi bi mí bóyá àròsọ ni oògùn yìí. Kì í ṣe àròsọ o. Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1957, wọ́n ní ó ń fún èèyàn lóorun, àwọn aboyún sì ń lò ó sí èébì òwúrọ̀. Ó lé ní 10,000 ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Dókítà kan láti Sydney, William McBride, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo síta, nínú lẹ́tà tó kọ sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet, ní ìparí ọdún 1961. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Ruby kan ilẹ̀ Ọsirélíà dáadáa. Fíìmù náà kò sì ké pe àánú lé e lórí. Ruby dàgbà, ó gbọ́n, ó di agbẹjọ́rò, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà. Gbogbo ẹ̀rín tá a ti ń rín látàárọ̀ kò kàn án rárá. Mo kíyè sí i pé pálọ̀ dákẹ́ ní gbogbo àkókò tí Ruby fi wà lójú wa, ìdákẹ́jẹ́ tó tura ni.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ràn, mo sì fẹ́ sọ ọ́. Ìyá Harvie. Wèrè obìnrin yẹn ni wọ́n fi ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀rín fún wa, fíìmù náà kò sì jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n tó láti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó kú. Harvie ní gbogbo ayé rẹ̀ láti fi hàn wá pé òun ju àìsàn òun lọ. Ìyá rẹ̀ kò ní àyè yẹn. Ẹni tó bá ti tọ́jú wèrè nínú ilé rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ohùn tí kò ké ìbòsí dára, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ròyìn rẹ̀. Bí kò bá pẹ́, yẹ̀yẹ́ ló kù níbẹ̀.

Val kú. Ọpọlọ Harvie bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Níbi tí wọ́n ti fi àwọn arúgbó náà hàn, tí wọ́n tò wọ́n sórí àga, Àǹtí mi fà síwájú lórí ìjókòó wọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé Melbourne. Mo ti ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ. Mo rò pé wọ́n á bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, ẹ̀rín ẹni tó mọ ilé ọ̀hún.

"Àbúrò mi, o rí i? Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

Mo bi wọ́n pé, "Àǹtí mi, kò dùn yín ni?"

"Kí ló máa dùn mí? Ẹni tó bá ń sunkún níbi iṣẹ́ tiwa kò lè pẹ́ níbẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín dáadáa. A ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àwọn fúnra wọn ló ń pa wá lẹ́rìn-ín." Wọ́n wá sọ ti bàbá kan fún wa. Lálaalẹ́, bàbá náà á béèrè fìlà rẹ̀, á ní ilẹ̀ ti ṣú, òun fẹ́ máa lọ sílé, ìyàwó òun ń retí òun. Wọ́n á wá fìlà náà fún un. Á dé e, á bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, á dúpẹ́ pé wọ́n gba òun lálejò. Á wá jókòó. Tó bá ṣe díẹ̀, á bọ́ fìlà, á ní oúnjẹ ibẹ̀ dára lónìí. "Ìyàwó ẹ̀ ti kú tipẹ́," ni Àǹtí mi wí, wọ́n sì nawọ́ mú ìpápánu tó wà lórí tábìlì. Wọn kò gbé ohùn sókè. Wọn kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi sọ pé wọ́n wá fìlà ni wọ́n fi sọ pé ìyàwó kú, ọkọ wọn sì rẹ́rìn-ín, ó tún dákẹ́.

Bí mo bá ní kí n ṣàlàyé ohun tí asọ̀tàn ń ṣe nínú Harvie Krumpet fún ẹlòmíì, ìtàn fìlà yẹn ni n ó sọ fún un. Àǹtí mi kò kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Wọ́n ti pẹ́ lọ́dọ̀ bàbá yẹn ni. Wọn kò bẹ̀ wá pé ká káàánú rẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú, a ò ní rí bàbá náà mọ́, àánú tiwa là ó máa wò.

Nínú ilé ìtọ́jú Harvie, ibi ìdúró bọ́ọ̀sì kan wà tí bọ́ọ̀sì kì í dé. Ọkọ Àǹtí mi rò pé Elliot ló fi ṣe àwàdà. Àǹtí mi mi orí. Wọ́n ní irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Ilé ìtọ́jú kan ní Düsseldorf, ní Jámánì, di ìlú mọ̀ọ́ká nítorí pé wọ́n gbé ibi ìdúró bọ́ọ̀sì kalẹ̀ síwájú ilé wọn, kí arúgbó tó bá ń sá jáde lọ "sílé" lè jókòó síbẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Harvie tilẹ̀ ti ronú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná ẹ̀mí rẹ̀ nígbà tó dé ibí. Rush sọ ìyẹn náà, kò sì sinmi lé e ju bó ṣe sinmi lé ohun yòókù. Harvie kò ṣe é. Ìhòhò ló jókòó sí ibi ìdúró bọ́ọ̀sì náà, gẹ́gẹ́ bí ère ṣe ní kó gbá ọjọ́ mú.

Mo fẹ́ kí àwọn tó bá wo Harvie padà sẹ́yìn lọ wo àwọn fíìmù tó ṣáájú rẹ̀. Mẹ́ta ni: Uncle lọ́dún 1996, tí Elliot ṣe nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ Victorian College of the Arts, Cousin lọ́dún 1998, àti Brother lọ́dún 1999. Dúdú àti funfun ni wọ́n, kò sí èyí tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, William McInnes ló sì sọ ìtàn gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ ẹbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: ó ń rántí arákùnrin òbí rẹ̀, ó ń rántí ọmọ ìyá rẹ̀. A mọ̀ pé ó ti ṣọ̀fọ̀ tán kó tó la ẹnu, ìdí rèé tí ohùn rẹ̀ fi balẹ̀. Rush kì í ṣe ẹbí Harvie. Elliot gba ìbátan kúrò lọ́wọ́ asọ̀tàn, ó sì ní kó ṣì fi ìfẹ́ kan náà sọ̀rọ̀. Ìyẹn nira ju ti ìṣáájú lọ.

Àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà tiwọn. Vincent tí Tim Burton ṣe nílé iṣẹ́ Disney lọ́dún 1982 kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Vincent Price, òṣèré fíìmù abanilẹ́rù, ló sọ ìtàn ọmọ ọdún méje kan tó fẹ́ jẹ́ Vincent Price. Ó dùn, ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyà inú rẹ̀ kò kọjá orí ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ ṣeré níta ni.

Ti Don Hertzfeldt ló mú mi dúró. Ará Amẹ́ríkà ni, ìlà tín-ín-rín ló fi ń ya èèyàn, orí roboto, fìlà lórí rẹ̀, ó sì tán. Bill ni orúkọ ọkùnrin inú ìtàn rẹ̀, fíìmù mẹ́ta ló sì fi sọ ọ́: Everything Will Be OK lọ́dún 2006, I Am So Proud of You lọ́dún 2008, àti It's Such a Beautiful Day lọ́dún 2011. Ó yà wọ́n pẹ̀lú kámẹ́rà àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1940 sí 1949, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ̀tàn. Ọpọlọ Bill ń kú díẹ̀díẹ̀. Ohùn Hertzfeldt gbẹ ju ti Rush lọ. Ó ń sọ bí rélùwéè ṣe ń pa àwọn baba ńlá Bill bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. A wo apá kan nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ Àǹtí mi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó wá di ìparí fíìmù kẹta, tí Bill dé ibi tó yẹ kó kú sí, asọ̀tàn kọ̀. Ohùn tí kò tíì gbọ̀n rí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé rárá, Bill kò kú, ó dìde, ó ń rìn kiri ayé, ó kọ́ gbogbo èdè, ó ka gbogbo ìwé, gbogbo èèyàn kú tán, ó ṣì wà. A mọ̀ pé irọ́ ni. Asọ̀tàn náà mọ̀. Látìgbà tá a ti ń gbọ́ ọ ló ti ń ṣe bíi pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án, ìgbà tó di pé kó sọ gbólóhùn kan tó kù, kò lè sọ ọ́. Ọkọ Àǹtí mi, tó ti ní òun kò fẹ́ wò ó, kò dìde lórí àga títí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ fi kọjá. Mi ò mọ fíìmù mìíràn tí ohùn asọ̀tàn ti já báyìí, tí jíjá rẹ̀ sì fi bí ó ṣe fẹ́ràn ẹni náà tó hàn. Bó bá ti ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kò sí ohun tí ì bá kù tí yóò já.

Elliot pẹ̀lú ti ṣí lọ síbòmíràn. Nínú Mary and Max, fíìmù gígùn tó ṣe lọ́dún 2009, Barry Humphries ló ń sọ̀tàn láti òde bí ti àtẹ̀yìnwá. Nínú Memoir of a Snail tó jáde lọ́dún 2024, tó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ níbi àjọ̀dún kátúùnù Annecy ní Faransé, ó gbé ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ìyà jẹ fúnra rẹ̀. Grace, tí Sarah Snook fọ ohùn rẹ̀, ló ń sọ ìgbésí ayé rẹ̀ fún ìgbín rẹ̀. Ó máa ń dánu dúró, ó máa ń tọrọ àforíjì, ohùn rẹ̀ máa ń fẹ́ já níbi tí Rush ì bá ti kọjá lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, mo sì gbà pé ó tọ́ kí Grace sọ tirẹ̀, nítorí ọgbẹ́ tí mo ní lórí ìyá Harvie kò sí níbẹ̀: kò sẹ́ni tó lè fi í rẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó fi Brother bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni. Kó wo Harvie tẹ̀ lé e, kó sì rí i dájú pé èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Amọ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n lóòótọ́, wọn kì í ṣe eré ọmọdé, torí náà kó jẹ́ kí àwọn kékeré ti lọ sùn. Bí ẹni tó ń tọ́jú arúgbó bá wà nínú ilé, kó pè é wá jókòó, kó sì dá fíìmù dúró nígbà tí onítọ̀hún bá fẹ́ sọ̀rọ̀.